Kí ni Eno ṣe sí ohùn gìtá àwọn ẹlòmíràn?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi,

Mo ka àbá tí ẹnìkan nínú wa mú wá, pé kí á máa fi Yorùbá pe iṣẹ́ tí Brian Eno, ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi ẹ̀rọ ṣe orin, ṣe nínú àwo tó kọ́kọ́ dá ṣe, Here Come the Warm Jets, ní "ìtọ́jú ohùn". Ẹ̀yìn páálí àwo náà, tí ilé-iṣẹ́ Island gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1974, ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀: wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Eno kọrin, ó ta ohun tí wọ́n pè ní gìtá ejò ("snake guitar"), ó lo gògóńgò oníná ("electric larynx"), ó sì ṣe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì pè ní "treat" sí ohun èlò àwọn yòókù. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n ń lò fún dókítà àti aláìsàn, ṣùgbọ́n bí a bá ní Eno tọ́jú gìtá Robert Fripp, ọ̀kan nínú àwọn tó ta gìtá nínú àwo náà, ohun tí Yorùbá yóò gbọ́ ni pé gìtá náà ti bàjẹ́, tàbí pé ó bá a kó o pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1973, lẹ́yìn tí ó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ Roxy Music, Eno kó àwọn olórin tó tó 16 jọ sí Majestic Studios ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun fúnra rẹ̀ a máa sọ pé òun kì í ṣe olórin. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kí ó gba ohùn tí ẹlòmíràn ti ta, kí ó gbé e gba inú ẹ̀rọ aṣẹ̀dá-ohùn (synthesizer) bíi VCS3, tí a máa ń fi èèkàn kéékèèké gún pátákó rẹ̀ láti yan ọ̀nà tí ohùn yóò tọ̀, kí ohùn náà sì jáde ní àwọ̀ mìíràn.

Ọ̀kan nínú yín dábàá "ìpohùndà", láti inú paradà. Ó dùn létí, ó sì rán mi létí eégún onídán, ṣùgbọ́n ohun tó bá paradà, a kì í rí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nínú "Baby's on Fire", ọ̀kan nínú àwọn orin àwo náà, níbi tí gìtá Fripp ti gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 3, ìka rẹ̀ hàn kedere lábẹ́ ohun yòówù tí Eno fi kún un. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ "ìpaláró ohùn". Ahunṣọ ló ni ọnà òwú, aláró ló ni àwọ̀, bí aṣọ bá sì ti inú ìkòkò aró jáde, a ṣì lè fọwọ́ kan ọnà òwú náà. Páálí àwo yẹn ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ wa náà sì gbọ́dọ̀ yà wọ́n.

Mo kọ́kọ́ ro "ìrẹhùn", láti inú rẹ tó bí àdìrẹ, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, rírẹ ohùn sílẹ̀ ni òǹkàwé yóò rò. Bí ẹ bá ní ojú ni aró wà fún, tí kì í ṣe etí, èmi náà yóò bi yín pé ahọ́n wo la fi ń mọ̀ pé ohùn dùn. Ẹ kàn kíyè sára: ohùn gìtá ni kí á ní ó pa láró, kì í ṣe gìtá, kí ẹnìkan má lọ rò pé ó kun igi rẹ̀ ní búlúù. Ní ti "rọ́ọ̀kì ológe" fún orin ìgbà náà, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "glam rock", mo fara mọ́ ọn pátápátá. Eno tó ń lé tìróò tó ń wọ ìyẹ́ kọ́rùn lórí ìtàgé kò lè jiyàn oge.

Bí èmi yóò ṣe kọ ẹ̀yìn páálí náà nìyí: Eno ló kọrin, a máa tẹ dùùrù tí kò le lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ta gìtá ejò, ó lo gògóńgò oníná àti ẹ̀rọ aṣẹ̀dá-ohùn, ó sì pa ohùn àwọn yòókù láró.