Mo ń wá agbẹjọ́rò lórí ọ̀rọ̀ owó-orí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin ará, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Takisí ni mò ń wà ní Houston. Àwọn agbowó-orí kò fara mọ́ owó epo àti àtúnṣe ọkọ̀ tí mo yọ kúrò nínú owó tó wọlé fún mi ní ọdún 2022, nítorí pé ẹni tí mo sanwó fún láti bá mi ṣe ìṣirò owó-orí náà kò fèsì sí ìwé wọn, bẹ́ẹ̀ gbogbo rìsíìtì náà wà nínú páálí bàtà lábẹ́ ibùsùn mi. Lẹ́tà tó dé fún mi ní 90 ọjọ́ láti pe ẹjọ́ ní Kóòtù Owó-orí. 31 ti lọ nínú rẹ̀, ọkàn mi kò sì balẹ̀. Ta ló ti lo Low Income Taxpayer Clinic rí, níbi tí agbẹjọ́rò ti ń gba owó táṣẹ́rẹ́? Àbí kí n kọ́kọ́ fi 60 dọ́là pe ẹjọ́ náà fúnra mi, kí ọjọ́ má baà kọjá?