Èsì sí àbá lórí «àṣà ìwádìí» àti «ìlera olùwádìí»

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè,

Àbá tí ó wà nílẹ̀ ni pé kí a pe ohun tí àwọn yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní «research culture» (ìwà àti ìṣesí àwọn olùwádìí lẹ́nu iṣẹ́ wọn) ní àṣà ìwádìí, kí «researcher wellbeing» sì di ìlera olùwádìí. Mo fara mọ́ àkọ́kọ́ bí a bá lè tún un ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n èkejì kò tọ́ lójú mi rárá.

Èkejì ni n ó kọ́kọ́ mú. Bí a bá ti dárúkọ ìlera, ara ni ọkàn Yorùbá ń lọ sí: ibà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ilé ìwòsàn. Yunifásítì tí ó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìlànà rẹ̀ lè gba nọ́ọ̀sì méjì sí i, kí ó sì ní òun ti ṣe tòun. Bẹ́ẹ̀, nínú ìwádìí tí Wellcome, àjọ tí ń fi owó ran ìwádìí lọ́wọ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, gbé jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2020, tí olùwádìí tí ó lé ní 4,000 dáhùn sí, ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó sọ pé ìhalẹ̀mọ́ni tàbí ìyọnilẹ́nu ti ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn níṣojú àwọn, ìdá 43 sì ní ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn fúnra wọn. Ìdíje àti iṣẹ́ tí kò fi ẹnì kan lọ́kàn balẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń ráhùn lé lórí. Nọ́ọ̀sì wo ni yóò wo èyí sàn?

Àlàáfíà olùwádìí ni èmi fi sílẹ̀. Ẹni tí ó bá bi wá pé «Ṣé àlàáfíà ni?» ń béèrè ara, ilé, iṣẹ́ àti ìfọ̀kànbalẹ̀ pọ̀. Ẹnìkan ti ní ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni àdúrà ti wá, kò sì sí ẹni tí ó ní kí a má gbàdúrà mọ́. Ní ti ìgbáyé-gbádùn tí ẹlòmíràn dá lábàá, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ fún owó oṣù àti àjẹmọ́nú, irú èyí tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà, torí rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ ní ọdún 2022.

Ní ti àṣà, àtakò tí a gbé dìde ni pé ogún àwọn baba wa ni àṣà, ìgbìmọ̀ yunifásítì kò sì lè jókòó tún un ṣe. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí kò bá ṣeé tún ṣe, kí ni a rí tí a fi ń pe òmíràn ní àṣàkaṣà? Fífi orúkọ ọ̀gá tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ sórí àpilẹ̀kọ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, àti kíka iye àpilẹ̀kọ láì ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀, àṣà ni àwọn náà, ènìyàn ni ó sì dá wọn sílẹ̀. Ìṣòro tèmi ni pé «àṣà ìwádìí» kò sọ ẹni tí ó ni àṣà, ó tilẹ̀ lè dà bí ọgbọ́n tí a fi ń ṣe ìwádìí. Royal Society, ẹgbẹ́ àgbà àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ka ìwà, ìṣesí àti ìrètí àwùjọ àwọn olùwádìí mọ́ ọ̀rọ̀ yìí; nítorí náà, mo dá àṣà àwùjọ olùwádìí lábàá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlànà kan dán an wò. Àdéhùn tí àwọn yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ṣe ní ọdún 2019 lórí ìtẹ̀síwájú àwọn olùwádìí ní kí olùwádìí ní, ó kéré tán, ọjọ́ 10 lọ́dún láti fi kọ́ ohun tí yóò mú un tẹ̀ síwájú. A lè kọ ọ́ báyìí: «Kí àṣà àwùjọ olùwádìí lè dára, kí àlàáfíà olùwádìí sì lè wà, ọ̀gá gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda ọjọ́ 10 fún un lọ́dọọdún.» Kò há mi lẹ́nu. Pẹ̀lú «àwùjọ», a lè ka àwọn òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò náà mọ́ ọn, àwọn tí «olùwádìí» nìkan ìbá yọ sílẹ̀.