Ebè ẹ̀fọ́ lórí ilẹ̀ amọ̀ London: kí ni kí n ṣe kí òtútù tó dé?

Àdùkẹ́Ọlọ́gbà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ebè mẹ́ta ni mo ní ní allotment kan (ilẹ̀ ọgbà kékeré tí a ń háyà) ní gúúsù London. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 3, ó sì fẹ̀ ní mítà 1.2. Ilẹ̀ amọ̀ pọ́ńbélé ni. Ewédú àti tẹ̀tẹ̀ ló wà lórí èkíní, wọ́n ti ń pọ́n. Tòmátò tí àrùn blight pa ló wà lórí ìkejì. Ẹ̀wà tó ń gun igi ló wà lórí ìkẹta, ewúro kan sì wà létí rẹ̀. Oṣù kẹwàá la wà yìí. Ṣé kí n tú ilẹ̀ náà ni, àbí kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹnìkan fẹ́ fún mi ní ìgbẹ́ ẹṣin tútù, ṣé kí n dà á sí i nísinsìnyí? Kí sì ni kí n fi bo ebè?

BàbáEbè:
Ẹ kú làálàá, Àdùkẹ́. Ibi tòmátò ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fà á tu tigi-tewé, títí kan èso tó ti jábọ́. Ẹ má kó o sórí àkìtàn tí ẹ fi ń ṣe ajílẹ̀, nítorí àkìtàn inú ọgbà kì í sábà gbóná tó láti pa àrùn. Àpò ìdọ̀tí ọgbà tí káńsù ń kó ni kí ẹ dì í sí. Blight kì í pẹ́ lára ewé tó ti kú, ara ohun tó wà láàyè ló ń gbé. Ìdí nìyẹn tí pòtétò tí a gbàgbé sínú ilẹ̀ fi jẹ́ ibùba rẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀. Bí ẹ bá ti gbin pòtétò nítòsí rí, ẹ fi fọ́ọ̀kì wá a jáde, títí kan èyí tó kéré bí èkùrọ́.

Ẹ̀wà ní tirẹ̀, ẹ má fà á tu. Ẹ gé e mọ́ ilẹ̀, kí ẹ fi gbòǹgbò sílẹ̀. Bó bá jẹrà, ihò tó bá fi sílẹ̀ ni omi àti afẹ́fẹ́ máa gbà wọlé, amọ̀ sì nílò irú ihò bẹ́ẹ̀ gan-an. Tẹ̀tẹ̀ ńkọ́? Ẹ gé orí rẹ̀ kí irúgbìn tó gbọ̀n sílẹ̀, àfi bí ẹ bá fẹ́ kó hù káàkiri. Ewúro ò lè fara da yìnyín. Ẹ wú u sínú ìkòkò, kí ẹ gbé e wọlé kí òru tó máa tutù ju dígírì 10 lọ.

Ní ti títú ilẹ̀, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí i. Bó bá ń dán tó sì gùn bí ìka láì já, ẹ fi ṣọ́bìrì sílẹ̀. Amọ̀ tútù tí a bá tú, ihò inú rẹ̀ á dí, á sì le bí bíríkì nígbà ìrúwé. Bó bá ń rún sí wẹ́wẹ́, ẹ lè tú u kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 25, kí ẹ fi ògúlùtu rẹ̀ sílẹ̀ láì fọ́ ọ. Omi inú rẹ̀ á dì, á wú, á sì fọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ẹ parí rẹ̀ kí oṣù kọkànlá tó tán.

ÌyáẸlẹ́fọ̀ọ́:
Bàbá Ebè, ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò bá yín lọ níbi ògúlùtu yẹn. Àárín ìlú London kì í tutù tó ìgbèríko. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tó tú ilẹ̀ máa ń retí yìnyín, tó jẹ́ pé òjò ni yóò rí. Òjò á lu ilẹ̀ ìhòòhò náà pa, á sì fọ nitrogen, oúnjẹ ewéko tó wà nínú rẹ̀, lọ sísàlẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ pé ó ń tún amọ̀ ṣe ni ajílẹ̀ jíjẹrà tí a tẹ́ sórí rẹ̀, tí ekòló sì ń fà wọlé díẹ̀díẹ̀.

Ebè yín kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà onígun-mẹ́rin 3.6 (3 × 1.2). Bí ẹ bá fẹ́ kí ajílẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5, lítà 180 ni, ìyẹn àpò onílítà 50 mẹ́rin, díẹ̀ á sì ṣẹ́kù. Ẹ kọ́kọ́ yọ èpò. Bindweed, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ rí bí okùn funfun, ẹ má fi ọkọ́ gé e o! Gbogbo èyí tó bá já ni yóò hù. Fọ́ọ̀kì ni kí ẹ fi gbé ilẹ̀ sókè, kí ẹ fi ọwọ́ ṣà á.

Ebè ewédú ló yẹ kí ẹ gbin rye sí, ìyẹn irú ọkà kan tí a fi ń bo ilẹ̀ ìhòòhò nígbà òtútù. Gíráàmù 100 ti tó o. Ẹ fọ́n ọn kí oṣù kẹwàá tó parí, ẹ fi réèkì rá a wọlé, kí ẹ sì ta àwọ̀n sórí rẹ̀ nítorí ẹyẹ. Ní oṣù kẹrin, kó tó yọ orí, ẹ gé e, kí ẹ yí i mọ́ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko. Bí rye bá ń jẹrà, ohun kan ń jáde lára rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí irúgbìn wẹ́wẹ́ hù, irúgbìn ewédú àti tẹ̀tẹ̀ sì kéré jọjọ. Ọ̀pọ̀ ló rò pé irúgbìn wọn ló ti bàjẹ́, láì mọ̀ pé rye ni.

Alájílẹ̀:
Ẹ má tíì gba ìgbẹ́ ẹṣin yẹn. Ẹ bi ẹni tó ni ẹṣin bóyá wọ́n fín oògùn apakoríko sí pápá tí koríko gbígbẹ rẹ̀ ti wá. Èyí tó ń jẹ́ aminopyralid máa ń gba inú ẹṣin kọjá láì bàjẹ́, ó sì máa ń wà nínú ìgbẹ́ fún oṣù púpọ̀. Tòmátò, ẹ̀wà àti pòtétò ló ń fìyà jẹ jù: ewé wọn á ká, á sì lọ́.

Ẹ dán an wò báyìí. Ẹ po ìgbẹ́ tó ti jẹrà mọ́ kọ́ńpọ́ọ̀sì tí a rà, ìlàjì sí ìlàjì, sínú ìkòkò mẹ́ta. Ẹ fi kọ́ńpọ́ọ̀sì nìkan sínú mẹ́ta mìíràn. Ẹ gbin broad bean (irú ẹ̀wà kan) sí gbogbo wọn, kí ẹ ṣọ́ ewé wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí ti ìgbẹ́ nìkan bá ká, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Kódà bí kò bá ní oògùn, tútù rẹ̀ kò dára fún ebè. Ẹ kó o jọ, ẹ bò ó, kó jẹrà fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Bí ẹ bá sì fẹ́ da lime (ẹfun tó ń dín kíkan ilẹ̀ kù) sílẹ̀ nítorí kábéèjì, ẹ má da òun àti ìgbẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí nitrogen inú ìgbẹ́ á di afẹ́fẹ́ ammonia, á sì fẹ́ lọ. Eérú igi àti ìgbẹ́ adìẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbi gbígbẹ di ìgbà ìrúwé. Òjò ni yóò jẹ wọ́n bí ẹ bá dà wọ́n sílẹ̀ nísinsìnyí.

Àdùkẹ́Ọlọ́gbà:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣé mo lè gbin ááyù sí ebè ẹ̀wà? Páálí tí mo ní ńlẹ̀ ńkọ́, ṣé abẹ́ ajílẹ̀ ni kó wà ni àbí òkè?

ÌyáẸlẹ́fọ̀ọ́:
Ẹ gbin ááyù nísinsìnyí títí dé oṣù kọkànlá. Bí òtútù kò bá bá a fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kì í pín sí ẹ̀là. Lórí amọ̀, ẹ kọ ebè kékeré gíga fún un kí omi má baà rà á. Kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, àlàfo 15 láàárín ẹ̀là, 30 láàárín ìlà.

Abẹ́ ni páálí ń wà, lórí ebè tòmátò tí kò ní gba nǹkan kan. Ẹ bó téèpù àti pín-ìn-nì kúrò lára rẹ̀, ẹ rin ín dáadáa, kí etí ọ̀kan gun èkejì tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ wá da ajílẹ̀ lé e. Ẹ má lo kápẹ́ẹ̀tì àlòkù, kẹ́míkà inú aró rẹ̀ ń jò sílẹ̀. Bó bá jẹ́ tápólì dúdú lẹ rí, ẹ fi bíríkì tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ máa ṣí i wò lóṣooṣù, torí abẹ́ rẹ̀ ni ìgbín aláìníkarahun ń yé sí.

BàbáEbè:
Mo gbà pẹ̀lú Ìyá lórí ajílẹ̀, bí owó àpò bá wà. Ẹ tún rántí pé bí ẹ bá fẹ́ dé àárín ebè, orí pákó ni kí ẹ dúró, kì í ṣe orí ilẹ̀. Kí ẹ sì da omi inú rọ́bà ìbomirin nù kó tó di yìnyín, kó má baà bẹ́.