Oyin, dàbínù, òróró àgbọn: èwo gan-an ni kí màmá mi tí ṣúgà ń yọ lẹ́nu máa lò?

ÌyáDúpẹ́
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí o. Dókítà ní màmá mi ní àtọ̀gbẹ, wọ́n kọ metformin àti Daonil fún wọn, àtìgbà yẹn ni gbogbo ẹbí ti di dókítà. Àbúrò wọn ní kí wọ́n máa fi oyin sí ògì torí oyin ò ní kẹ́míkà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní rárá o, dàbínù ni kí wọ́n lọ̀ kúnná kí wọ́n máa bù sí i, ẹlòmíì tún ní kí wọ́n sá fún epo pupa pátápátá, òróró àgbọn ló ń lé ṣúgà jáde lára. Òróró àgbọn tó wọ́n bí ojú báyìí! Màmá fúnra wọn kàn ń wò wá ni. Èwo ni ká gbọ́ nínú ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà
Ẹ pẹ̀lẹ́ màmá o. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí, ṣúgà ni oyin. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan oyin, ṣúgà inú ẹ̀ tó gíráàmù 17, ṣíbí kan náà tẹ́ ẹ bá fi bu ṣúgà funfun ò ju bíi 12 lọ, torí oyin ki, ó sì wúwo. Dàbínù gbígbẹ náà, ó ju ìdajì ẹ̀ lọ tó jẹ́ ṣúgà, tí wọ́n bá jẹ ẹyọ kan ó lójú fáíbà inú ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ èyí tẹ́ ẹ lọ̀ yẹn, ta ló máa mọ iye tí wọ́n bù?

Àmọ́ ẹ má kó oyin kúrò nílé o, torí Daonil yẹn. Ó lè fa ṣúgà wálẹ̀ jù, pàápàá tí àgbàlagbà bá lò ó tí ò wá jẹun. Tí ara wọn bá ń gbọ̀n, tí òógùn ń bò wọ́n, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ń dàrú, ẹ wọn ṣúgà wọn kíákíá, tó bá ti wà lábẹ́ 70 mg/dL, ẹ fún wọn ní oyin ṣíbí ńlá kan, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 ẹ tún un wọ̀n. Tí wọn ò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má da ohunkóhun sí wọn lẹ́nu, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ.

Olóyin_Ṣakí
Ẹ fẹ́ ba ọjà wa jẹ́ ni o. Oyin tèmi ojúlówó ni, mi ò da ṣúgà kankan sí i!

Nọ́ọ̀sì_Àgbà
Bàbá, mi ò bá yín jiyàn. Àdàmọ̀dì ni èèyàn ń da ṣúgà sí, ti ojúlówó, kòkòrò oyin ti bá yín fi sí i.

Alásè_Ẹ̀gbá
Èmi á sọ ti epo ní tèmi. Kò sí epo tó ń gbé ṣúgà sókè fúnra ẹ̀ torí kò sí ṣúgà nínú ẹ̀ rárá, kò sì sí èyí tó ń lé e jáde. Ohun tó yẹ ká bẹ̀rù ni àìsàn ọkàn àti sísanra jù, torí àtọ̀gbẹ fúnra ẹ̀ ti ń da ọkàn láàmú tẹ́lẹ̀. Ọ̀rá tó máa ń dì, tó ń ba òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ó lé ní ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá òróró àgbọn, ti epo pupa tó bí ìdajì, ti òróró ẹ̀pà ò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹ wá wo ẹni tó sá fún epo pupa lọ bá òróró àgbọn. Òróró ẹ̀pà tàbí ti sóyà ni kẹ́ ẹ fi máa se èyí tó pọ̀ jù, kẹ́ ẹ fi epo pupa díẹ̀ sí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tí ò lépo ta ló fẹ́ jẹ ẹ́. Ẹ sì da òróró dòdò ọjọ́ kẹta yẹn nù.

Ẹ̀bà ńkọ́? Ẹnì kankan ò sọ bí òkèlè wọn ṣe tóbi tó, ibẹ̀ gan-an ni ṣúgà wà. Ògì náà, kí wọ́n má mu ún lásán, ẹ fi mọ́ínmọ́ín tì í.

Dàpọ̀_London
Tí ahọ́n wọn bá ṣáà ń fẹ́ adùn, stevia, adùn tí wọ́n ń yọ lára ewé kan, ò gbé ṣúgà sókè, àmọ́ ẹ ka ara páálí ẹ̀ dáadáa, àwọn kan ti pò ó mọ́ dextrose tàbí maltodextrin, ṣúgà náà ló tún padà wá yẹn. Ẹ sì rántí àgbáyun tiwa. Tí wọ́n bá lá ẹyọ kan kí wọ́n tó mu ògì kíkan, ó máa dùn lẹ́nu wọn láìsí ṣúgà kankan. Kódà ewé tẹ́ ẹ fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, inú èso ẹ̀ ni àwọn òyìnbó ti ń yọ thaumatin tó dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po bíi 2000, wọ́n ń fi sí ṣingọ́ọ̀mù.

ÌyáDúpẹ́
Ẹ ṣeun gan-an, màmá ti ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àgbáyun làwọn fi ń jẹ ọsàn kíkan nígbà táwọn wà lọ́mọdé. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé gbogbo ìmọ̀ràn yìí ń ṣiṣẹ́?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà
Ẹ wọn ṣúgà wọn kí wọ́n tó jẹun àti wákàtí méjì lẹ́yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. 80 sí 130 la máa ń fẹ́ ṣáájú oúnjẹ, kó má dé 180 lẹ́yìn ẹ̀, àmọ́ dókítà wọn lè ní òmíì lọ́kàn fún àgbàlagbà.

ÌyáDúpẹ́
Ẹ̀rọ yẹn wà nílé o mà, strip tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí ló ti tán.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà
Owó òróró àgbọn yẹn, ẹ fi ra strip.