Ìdínnákù kọ́ o: ẹ tún "kù" yẹn yẹ̀ wò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà n'Íbàdàn kọ lálẹ́ àná, pé gbogbo ọgbọ́n tí ilé iṣẹ́ rọ́bà ń dá kí dísù tí wọ́n ń jó nídìí bọ́ílà, ìyẹn ìkòkò irin ńlá tó ń sọ omi di oru, àti iná tí wọ́n ń lò fún ẹ̀rọ má baà máa ṣòfò, ká kúkú máa pè é ní "ìdínnákù", pé ó ṣe tààrà, pé ọmọdé gan-an á gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí látàárọ̀.

"Kù" yẹn ni igi wọ́rọ́kọ́ tó ń da iná rú. Tá a bá ní ká dín nǹkan kù, a bù nínú ẹ̀ nìyẹn, ó sì ti kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Dín owó oṣù kù, owó ti kéré. Dín iyọ̀ kù, ọbẹ̀ á tẹ́. Dín iná kù ńkọ́? Rọ́bà tí wọ́n ti po mọ́ imí-ọjọ́ ò mọ̀ pé ẹnì kan ń ṣọ́wó ná o, ìgbóná bíi dígírì 140 sí 180 ló fẹ́, kó sì wà nínú ẹ̀ títí àsìkò ẹ̀ á fi pé, torí rọ́bà kì í tètè jẹ́ kí ooru wọ òun lára. Tí kò bá rí i gbà, kò ní jinná. Ẹ lọ bá fọkanáísà tó wà létí títì yín, èyí tó ń fi písítọ́ọ̀nù àlòkù sè é, tó máa ń da epo díẹ̀ sínú ẹ̀ táá ṣáná sí i, ẹ bi í. Tó bá dáa á ní ó ti jinná, tó bá kọjá àyè á ní ó ti jóná. Èmi ń gbọ́ iná nínú méjèèjì, mi ò gbọ́ kù níbì kankan.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí. Ọdún mọ́kànlá ni mo lò nídìí bọ́ílà níbì kan n'Ákùúrẹ́ níbí tí wọ́n ti ń ṣe máàtì mọ́tò àti sílípáàsì, mi ò ní dárúkọ wọn. Lọ́jọ́ kan àwọn ọ̀gá lẹ bébà mọ́ ògiri, wọ́n fi lẹ́tà gbàǹgbà kọ ọ́: Ẹ DÍN INÁ KÙ. Ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, ọmọ tó gbọ́ràn dáadáa, ó ka bébà, ó sì ṣe é gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Gééjì sitíìmù, ìyẹn oru omi tó ń ti bọ́ílà wá, tó máa ń wà lórí báà 7, ó fà á wálẹ̀ sí 4, ìyẹn ni pé ìgbóná tó yẹ kó wà ní bíi 170 ti di bíi 152, ẹnikẹ́ni ò sì fi ìṣẹ́jú kan kún àsìkò tí rọ́bà ń lò nínú móòdù, irin tí wọ́n fi ń mọ ọ́n. Gbogbo máàtì ọjọ́ náà ló jáde ní rírọ̀. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan, ojú ibẹ̀ jìn wọlé, kò padà. Ẹ sì mọ̀ pé rọ́bà tí imí-ọjọ́ bá ti mú báyìí kì í ṣe ẹ̀kọ tẹ́ ẹ máa tún rò, kò ṣeé yọ́ padà. Ẹ̀yìn fẹ́ńsì la kó gbogbo ẹ̀ sí, a tún wá dáná tuntun fún òmíì. Iná ọjọ́ méjì fún iṣẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára ògiri ló fà á.

Bẹ́ẹ̀ ibi tí òfò wà gan-an, ojú gbogbo wa ló wà. Páìpù tó gbé sitíìmù láti ìdí bọ́ílà dé ibi móòdù, ìhòòhò ni wọ́n fi í sílẹ̀, tí òjò bá fọ́n sí i á máa dún ṣàà. Fáàfù ńlá kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń sá táwẹ́lì mi lé láàárọ̀ ọyẹ́, kí n tó mu ẹ̀kọ tán ó ti gbẹ. Inú mi máa ń dùn sí i! Dísù tí wọ́n fowó rà ló ń bá mi gbẹ táwẹ́lì. Sitíìmù tó bá ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ tán tó di omi, omi gbígbóná yòò, inú gọ́tà ló ń ṣàn lọ, àwa a wá lọ fa omi tútù láti inú bọ̀hóòlù wá fi kún bọ́ílà, nígbà tó jẹ́ pé bí omi tó ń wọ bọ́ílà bá fi dígírì 6 péré gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún epo lẹ ti rí fi pamọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n wá wé páìpù, tí wọ́n wé fáàfù, tí wọ́n pààrọ̀ tírápù, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tó ń jẹ́ kí omi jáde tí kì í jẹ́ kí sitíìmù bá a lọ, tó ti ń la ẹnu sílẹ̀, tí wọ́n da omi gbígbóná padà sínú táńkì, gééjì wà lórí 7 bó ṣe wà, dísù ló relẹ̀. Iná ò dín kù lára móòdù o, ẹ̀gbọ́n. Ìnákúnàá ló dín kù.

Ọ̀rọ̀ tèmi ni "ìṣọ́nálò". Màmá àgbà mi n'Ísìnkàn, tí ẹ̀wà bá ti hó, á fa igi méjì jáde nínú mẹ́ta, á ki ẹnu wọn bọ eérú, á fi páànù àtijọ́ dí ẹ̀gbẹ́ àdògán tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, á wá dé ìkòkò pa. "Ṣọ́ uná yẹn lò", bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún wa nìyẹn. N ò rí ọjọ́ tí ẹ̀wà màmá ò jinná.

Màmá wa kan láti Oǹdó ní "ìṣúnná" ló dáa jù, pé ṣebí ètò ìṣúná tí ìjọba ń ṣe náà nìyẹn. Mo tẹríba fún wọn, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, tí wọ́n bá ní o ṣúnná, igi lo máa tì síwájú kí iná lè ràn sí i! "Ṣún" pẹ̀lú "ná" tìnáwó, "ṣún" pẹ̀lú "iná", etí ò lè yà wọ́n. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lórí rédíò ńkọ́?

Ẹni tó sì ní ìṣọ́nálò á dà bí ìṣọ́nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì ohùn sí i. Ná kì í ṣe nà. Ohùn òkè wà níbẹ̀ gbangba.

Ẹ̀gbọ́n tún sọ pé àwa ará Àkúrẹ́ tó ń pe iná ní uná ò lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń so ọ̀rọ̀ pọ̀. Ìyẹn dùn mí. Ta ló ní Yorùbá lọ́wọ́ ta? Ulé tá a ń wí àti ilé tẹ́ ẹ̀ ń wí, ẹ ṣàlàyé fún mi èwo ló jẹ́ bàbá èkejì, mò ń retí èsì.

Ti "ìfògúnsè" tí àbúrò wa mú wá fún fífi iná sè rọ́bà mọ́ imí-ọjọ́, òótọ́ ni pé òrìṣà wà nínú ti òyìnbó náà, "vulcanization". Goodyear ló rí ọgbọ́n imí-ọjọ́ àti iná yìí l'Ámẹ́ríkà ní 1839, Hancock ṣe tiẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Brockedon tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Hancock ló wá sọ ọ́ lórúkọ Vulcan, òrìṣà iná àti alágbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù. Ṣùgbọ́n àwọn tó ní Ṣàngó ló niná ti dìde sí i, mi ò sí níbẹ̀. Èmi ò rí ohun tó ṣe "sísè".

Ìdí tí mo fi ń kánjú ni pé ibi iṣẹ́ yẹn ti ránṣẹ́ sí mi kí n wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kọ síbi tí bébà ọjọ́sí wà. Pẹ́ńtà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Tẹ́nikẹ́ni bá ní èyí tó jù ú lọ kó tètè kọ ọ́ wá, tí kò bá sí, ìṣọ́nálò ni màá ní kó kọ, màá sì dúró tì í títí táá fi fa àmì orí "ná" yẹn sókè.