Ṣé dandan ni kí a máa se ọbẹ̀ tuntun lójoojúmọ́?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ọ̀lẹ ni ìyàwó tí kì í se ọbẹ̀ lójoojúmọ́. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Kí tọkọtaya tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ jọ se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan lọ́jọ́ Sátidé.

Omi ata ló ń ba ọbẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá ti lọ tàtàṣé, tòmátì, ata rodo àti àlùbọ́sà tán, ẹ gbé e kaná láìfi òróró sí i, kí omi rẹ̀ gbẹ títí yóò fi ki. Ìgbà náà ni kí ẹ tó dín in, títí òróró yóò fi léfòó. Bí ó bá ti tutù, ẹ pín in sínú ike kéékèèké, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan nínú ike kan, kó lọ sínú fìrísà. Ìkòkò ńlá tí à ń gbé kaná, tí à ń gbé sọ̀, kì í pẹ́ kan. (Ti ewédú kọ́ là ń sọ o, tuntun ló dára.)

Bí kò bá wá síná fún ọjọ́ méjì ńkọ́? Ṣé kí a dín ẹran gbẹ lọ́tọ̀ ni? Báwo la sì ṣe lè ṣàlàyé fún ìyá ọkọ, tí kò ní dà bí àfojúdi?