Bí òfin Amẹ́ríkà ṣe bá mi ní Bódìjà

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí lọ́dún 2019, nígbà tí mo gbé áàpù tí mo ṣe fún àwọn alájọ Ìbàdàn lọ sórí App Store, ọjà áàpù ilé iṣẹ́ Apple. Ó ku kí n tẹ bọ́tìnì ìkẹyìn ni ìbéèrè kan yọjú: ǹjẹ́ áàpù yìí ń lo encryption, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń ti ọ̀rọ̀ pa kí ẹni tí kò kàn má lè kà á? Mo dáhùn pé kò lò ó, nítorí pé èmi kọ́ ni mo fọwọ́ ara mi kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n padà lọ wò ó dáadáa. Lóòótọ́, HTTPS tó bá fóònù wá, ìyẹn encryption tí a fi ń dáàbò bo ìsopọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kì í dá wàhálà sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti mú nǹkan mìíràn wọ inú áàpù náà kí ọ̀rọ̀ tí alájọ àti oníbàárà rẹ̀ ń bá ara wọn sọ má baà yé ẹlòmíràn, títí kan èmi tí mo ṣe é. Àrokò ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí owó ẹyọ nínú rẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé n kò kúrò ní Bódìjà tí òfin Amẹ́ríkà fi mú mi. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà Apple tí a ń gbé áàpù lé lórí, Amẹ́ríkà ló wà. Bí áàpù mi bá ti ibẹ̀ dé orí fóònù oníbàárà ní Mọ́kọ́lá, ọjà tó jáde láti Amẹ́ríkà ni, ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní BIS ló sì ń ṣọ́ irú rẹ̀.

Mo yí ìdáhùn mi padà, mo sì jókòó ti ìròyìn ọdọọdún tí a ń fi ránṣẹ́ sí BIS nípa irú áàpù bẹ́ẹ̀, tí kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2020. Fáìlì CSV, èyí tí kọ́mà fi ń pín òpó kan sí èkejì, ni wọ́n ń fẹ́: orúkọ ọjà, ìsọ̀rí rẹ̀ nínú òfin (tèmi jẹ́ 5D992), àdírẹ́sì mi, àti ibi tí a ti ṣe é bí kì í bá ṣe Amẹ́ríkà. Mo fi kọ́mà sáàárín àdírẹ́sì, ni ìdajì rẹ̀ bá bọ́ sí abẹ́ òpó tó tẹ̀ lé e, Ìbàdàn tí mo fi ìgbéraga kọ sí ìparí sì bọ́ síta pátápátá. Òru méjì ni mo fi tún un ṣe. Lọ́dún 2021 ni wọ́n wá gbé ẹrù ìròyìn yìí kúrò lórí ọ̀pọ̀ áàpù tí gbogbo ènìyàn lè rà, ìgbà tí mo ti jìyà tán.

Èsì àbúrò kan láti Houston: Ẹ̀gbọ́n, tiyín ṣì sàn. Ní Houston níbí, èmi gan-an ni wọ́n kà sí òkèèrè. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó gbà mí ń kọ fọ́ọ̀mù I-129 fún físà mi, apá kẹfà rẹ̀ ní kí wọ́n fọwọ́ sí i bóyá wọ́n nílò láísẹ́ńsì ìjọba kí wọ́n tó fi ìmọ̀ ẹ̀rọ wọn hàn mí. Lójú òfin, bí ọ̀gá mi bá ṣí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ han ọmọ Nàìjíríà nínú yàrá kan ní Texas, ó ti kó o lọ sí Nàìjíríà nìyẹn. Títí lọ́yà fi yẹ̀ ẹ́ wò tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, wọ́n á ní kí n jọ̀ọ́ kí n jáde díẹ̀ bí ìpàdé bá ti kan apá iṣẹ́ kan. Kò sẹ́ni tó bú mi, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Ìgbà tí mo gba green card, ìwé àṣẹ láti máa gbé Amẹ́ríkà títí lọ, ni ọ̀rọ̀ náà tó tán.

Èsì àgbà kan tó gbé ní London: Ẹ̀yin ọmọ mi, ní London lọ́dún 1997, kọ́kọ́rọ́ encryption 40 bit ni Netscape, ètò tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n fún àwa ará òkèèrè ní, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lo 128; bí bit bá ṣe pọ̀ tó ni kọ́kọ́rọ́ ṣe ṣòro láti já tó. Ọmọ Faransé kan sì ti já irú kọ́kọ́rọ́ 40 bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́jọ lọ́dún 1995. Àbúrò mi ní Maryland fẹ́ fi dísíkì èyí tó lágbára ránṣẹ́, mo ní kó má dán an wò. Títí di ìparí 1996, àárín ohun ìjà ogun ni wọ́n ka encryption mọ́, ọdún mẹ́ta ni wọ́n sì fi wádìí Phil Zimmermann, ọmọ Amẹ́ríkà kan, nítorí PGP, ètò encryption tó ṣe. Lẹ́yìn tí òfin rọ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2000 ni mo gba Netscape tó lágbára náà, lórí wáyà tẹlifóònù, odindi òru kan.